Irọ́ Tí Wọ́n Ń Pa Mọ́ Ọ̀gánííkì

Ọmọ tó fẹ́ di dókítà tàbí apòògùn kì í tíì forúkọ sílẹ̀ tán ní yunifásítì tí àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́mísírì ọ̀gánííkì dẹ́rù bà á. Nínú irọ́ tí wọ́n ń pa fún un, ọ̀kan wà tí mo kà sí baba gbogbo wọn.

Irọ́: Àkọ́sórí lásán ni ọ̀gánííkì.

Òótọ́: Ẹ jẹ́ ká mú propene, ká da HBr sí i. Láti ilé-ìwé girama ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé nínú kábọ́ọ̀nù méjì tí ìdè méjì so pọ̀, èyí tó ti ní háídírójìn jù ni háídírójìn tuntun máa ń lọ bá. Òfin Markovnikov nìyẹn, ará Rọ́ṣíà tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1870. Akọ́sórí á kọ ọ́ sílẹ̀, á gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí lẹ́kíṣọ̀rà bá fi peroxide díẹ̀ kún ìbéèrè yẹn, ìdáhùn yí padà pátápátá: ìpẹ̀kun ni bùrómíìnì máa jókòó sí, kì í ṣe àárín. Ní 1933 ni Morris Kharasch àti ẹnì kejì rẹ̀ tẹ àlàyé èyí jáde ní Amẹ́ríkà. Ó di dandan kí akọ́sórí tún lọ há òfin kejì.

Ẹni tó ń wo ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń lọ kò ní wàhálà yẹn. Nínú ti àkọ́kọ́, háídírójìn ló ṣíwájú wọlé, kábọ́ọ̀nù kan sì wá di aláìní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó tó. Kábọ́ọ̀nù àárín ló lè fara da àìní náà jù, torí kábọ́ọ̀nù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń bùn ún nínú tiwọn. Ibẹ̀ ni bùrómíìnì máa wá. Tí peroxide bá wà ńkọ́? Bùrómíìnì ló máa ṣíwájú wọlé. Ó gba ìpẹ̀kun, kí àìní lè tún bọ́ sí àárín. Àárín kan náà, ìdí kan náà. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nìkan ló yàtọ̀. Lóòótọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ há orúkọ àti ẹ̀yà àwọn kẹ́míkà sórí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn nìkan yege.

Irọ́: CHM 101, kóòsì kẹ́mísírì ọdún kìíní, kò kan ọ̀gánííkì, ká ṣáà ti kọjá.

Òótọ́: Nínú ètò ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé kalẹ̀, CHM 102 ni ọ̀gánííkì ti bẹ̀rẹ̀, CHM 211 sì wà fún ọdún kejì, àwọn ilé-ìwé míì ń fi nọ́ńbà tiwọn pè wọ́n. Àmọ́ CHM 101 ni wọ́n ti ń kọ́ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra, bí mólékù ṣe rí, àti ọ̀rọ̀ ásíìdì òun béèsì. Ẹni tí kò lè sọ ìdí tí ásíìdì inú fínígà, tí pKa rẹ̀ (bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe ń lágbára tó) tó 4.76, fi lágbára ju ethanol tí tirẹ̀ sún mọ́ 16 lọ, kò tíì múra. (Ọ́síjìn méjì ló ń pín ẹrù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣẹ́ kù nínú ti fínígà, nínú ethanol, ọ̀kan ló ń dá a rù.) Irú ìbéèrè báyìí ni kí ọmọ fi ọlidé ṣe, pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsùlù, kó máa ya mólékù títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n.

A1 nínú WAEC dára, kò sì ní kó má ka èyí.

Irọ́: Láìsí mọ́dẹ́lì olówó ńlá, èèyàn ò lè mọ bí mólékù ṣe rí.

Òótọ́: Amọ̀ róbótó kan, ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rin, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ amọ̀ kí wọ́n jìnnà síra bó ti lè ṣeé ṣe, kí ẹ sì fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí orí wọn; ìwọ̀n dígírì 109.5 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Ẹ wá ṣe èkejì bí ẹni pé ẹ ń wo àkọ́kọ́ nínú dígí. Ẹ ò ní rí wọn tò léra wọn láé. Ibuprofen tí à ń lò fún ara ríro ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ló ń pa ìrora, ara ló sì ń yí púpọ̀ nínú èkejì padà di ti àkọ́kọ́.

Irọ́: Ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà lè mú ọ̀gánííkì sáà kan kó tètè parí.

Òótọ́: Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń yan kóòsì fún ọmọ; níbẹ̀, ọmọ ló ń yàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì míì ní ti sáà kan fún àwọn tí kò ní tẹ̀ síwájú nínú kẹ́mísírì, àti ti sáà méjì. Lọ́pọ̀ ibi, ti sáà kan kì í rọ́pò apá kìíní ti sáà méjì, tí ọmọ bá yí ọkàn padà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-ìwé ìṣègùn kan ṣì ń béèrè ọdún kan gbáko. Àwọn míì gba sáà kan pẹ̀lú bàókẹ́mísírì. Nínú MCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé ìṣègùn níbẹ̀, ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀gánííkì ní lápá kẹ́mísírì òun físíìsì, nígbà tí bàókẹ́mísírì ní 25. Kí ọmọ wo ohun tí ilé-ìwé ìṣègùn tó ń fẹ́ béèrè kó tó forúkọ sílẹ̀ fún èyíkéyìí.