Òdiwọ̀n owó oṣù: ẹ̀kọ́ láti ẹgbẹ́ Obafemi Martins

Ẹni tó ń sanwó òṣìṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ́n mọ̀ pé owó oṣù kì í gbọ́ àwáwí. Líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, MLS, fi òdiwọ̀n sí i. Lọ́dún 2013, dọ́là mílíọ̀nù 2.95 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti pín fún agbábọ́ọ̀lù 20. Obafemi Martins ti Seattle Sounders wà lára ìràwọ̀ díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀: ohun tí wọ́n kà mọ́ òdiwọ̀n kò ju dọ́là 368,750 lọ, àpò olówó ẹgbẹ́ ni ìyókù ti jáde. Lọ́dún 2014, wọ́n gba US Open Cup.

Oníbúrẹ́dì Ọ̀wọ̀ kò ní líìgì tó máa ká a lọ́wọ́ kò. Kó kọ òdiwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Oṣù tí ọjà kùtà ni kó fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe oṣù Kérésì.