Omi Féèpù: Kíki Rẹ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ó Dára

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ikú ẹni kìíní nínú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tí ó rú àwọn dókítà lójú. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mú. Ara wọn le tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lójijì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, wọ́n ń bì, wọn kò sì lè mí dáadáa mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2020, àwọn tí a gbà sí ilé ìwòsàn tàbí tí ó kú ti di 2,807. Àwọn tí ó kú nínú wọn jẹ́ 68. Ohun kan ni gbogbo wọn jọ ń ṣe: wọ́n ń fa féèpù, èyí ni sìgá oníbátìrì tí kì í lo ìṣáná, tí ó ń sọ omi di èéfín.

Ọ̀rọ̀ kíki omi náà ni ó fa gbogbo rẹ̀. Kí ó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Féèpù fi ọ̀nà kan jọ fìtílà elépo ayé àtijọ́. Òwú ni í fa omi inú rẹ̀ lọ sí ibi tí wáyà tín-ín-rín kan ti ń gbóná. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé òkè Ọya ní ìgbà ọyẹ́ mọ̀ pé bí epo bá dì, òwú fìtílà kò ní rí i fà. Òwú fúnra rẹ̀ ni yóò máa jó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bí omi féèpù bá ki jù: òwú yóò gbẹ, ẹni tí ń fà á yóò sì máa fa èéfín òwú jíjó sínú. Bí ó bá sì ṣàn jù, bí ẹ̀kọ tí a bu omi púpọ̀ lé, yóò máa jò sí ọwọ́ àti sínú àpò aṣọ.

Nǹkan méjì ni àwọn tí ń po omi yìí nínú ilé fi ń wá ìwọ̀n. Èkíní ni glísárínì, tí ó ki, irú èyí tí àwọn ìyálé ilé ń rà ní kẹ́mísìtì láti fi para ní ìgbà ọyẹ́. Èkejì ni propylene glycol, tí ó ṣàn jù ú lọ. Fún ẹ̀rọ ńlá, ìdá 70 glísárínì sí ìdá 30 èkejì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Fún ẹ̀rọ kékeré, wọn a máa pín in lọ́gbọọgba. Ibi tí ìṣirò ti ń dàrú ni pé inú propylene glycol ni wọ́n sábà máa ń po nikotíìnì àti èròjà olóòórùn dídùn sí kí wọ́n tó tà wọ́n. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe mílílítà 100, tí ó sì ti da mílílítà 10 èròjà òórùn àti mílílítà 6 nikotíìnì sí i, mílílítà 14 péré ni ó kù láti fi kún ìdá 30 náà. Ẹni tí ó bá da odidi 30 mìíràn lé e, tí ó wá ń ṣe kàyéfì pé omi òun ń jò, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n pò kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé e lé, nítorí glísárínì a máa lẹ̀ mọ́ ara ife. Mílílítà kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1.26, ti èkejì sì jẹ́ 1.04. Wọn a sì máa wọ ìbọ̀wọ́, nítorí májèlé ni nikotíìnì, ó ń gba inú awọ wọ ara, díẹ̀ tí ọmọdé bá sì gbé mì lè pa á.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta òróró igbó ní bòókẹ́lẹ́ ni ewu ọdún 2019 ti bẹ̀rẹ̀. Òróró náà a máa ki nípa ti ẹ̀dá rẹ̀. Nítorí náà, àwọn oníbàárà a máa dojú ìgò rẹ̀ kékeré dé, wọn a sì máa wo bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò ti gòkè sí. Bí ó bá ń rọra gòkè, wọn a ní ojúlówó ni. Bí ó bá yára, wọn a ní àbùlà ni. Ibi tí oníbàárà bá ń wò ni oníjìbìtì ń tún ṣe. Àwọn òǹtàjà wá ohun tí yóò mú àbùlà ki, wọ́n sì rí vitamin E acetate: òróró tí àwọ̀ àti kíki rẹ̀ jọ ti òróró igbó, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Èròjà yìí wà nínú ìpara, ó wà nínú oògùn afúnnilókun tí à ń gbé mì, kì í sì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan. Ikùn mọ bí a ti í ṣe òróró. Ẹ̀dọ̀fóró, tí afẹ́fẹ́ nìkan tọ́ sí, kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ omi tí a fà láti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn 51 wò, wọ́n bá èròjà náà nínú ti 48. Wọn kò bá a rárá nínú ti àwọn 99 tí ara wọn dá, tí wọ́n fi ṣe àfiwé.

Ẹni tí ń po tirẹ̀ nílé lè sọ pé òun kò bá igbó ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òróró kankan, ìbáà ṣe ti àgbọn tàbí àdí, kò gbọ́dọ̀ dé inú féèpù nítorí pé a fẹ́ kí ó ki. Èyí tí ó dára jù ni kí ènìyàn má fà á rárá; ẹni tí ó bá sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, kí ó mọ̀ pé glísárínì ni a fi ń mú un ki. Bí ó bá dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kí ó gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò tún ṣàn.

Propylene glycol pẹ̀lú ní ìtàn ní ilẹ̀ yìí, àwọn tí ó gbé ìlú Jos ní ọdún 1990 kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ọmọ wẹ́wẹ́ 47 ni ó kú níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn parasítámọ̀ olómi tí wọ́n fi diethylene glycol pò dípò propylene glycol. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara, wọ́n ki díẹ̀, wọ́n dùn lẹ́nu; ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n diethylene glycol ń ba kíndìnrín jẹ́, títí ọmọ kò fi ní lè tọ̀ mọ́. Ní ọdún 2008, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú oògùn eyín ọmọdé, ọmọ 84 sì kú. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó tí kò ní ìwé àṣẹ ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé.

Ìdí nìyí tí kíki omi inú kẹ́ẹ̀gì ọjà kò fi lè sọ ohun tí ó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí a ṣe fún oògùn a máa ní àmì BP tàbí USP lára ìgò, ọ̀dọ̀ apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ ni a sì ti ń rà á. Èyí tí wọ́n rà ní ọdún 2008 náà, propylene glycol ni ẹni tí ó tà á pè é.