Èémí Inú Ẹ́ńjìnnì: Bí A Ṣe Ń Dá Ìdíwọ́ Rẹ̀ Mọ̀

Ìfáárà

Nígbà tí ọ́ìlì bá ń jò lára ọkọ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé síìlì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Wọn a ra tuntun, wọn a pààrọ̀ rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ọ́ìlì yóò tún máa jò. Bí èéfín bá wá kún un, wọ́n lè sọ fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí ó lọ ra tòkúnbọ̀ mìíràn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí a tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí wò. A óò pe ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí kíráńkì ti ń yí tí ọ́ìlì sì ń gbé, ní ikùn ẹ́ńjìnnì. Fáàfù kékeré tí gáàsì inú ikùn yìí ń gbà jáde ni a óò pè ní fáàfù èémí.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí

Inú sílíńdà ni epo ti ń jó, tí agbára rẹ̀ sì ń ti písítìnì sísàlẹ̀. Bí ríìngì tí ó yí písítìnì ká tilẹ̀ dára, díẹ̀ nínú gáàsì gbígbóná náà yóò ṣì yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Gáàsì yìí gbé epo tí kò jó tán, ooru omi àti ásíìdì dání. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀, yóò sì máa wá ibòmíràn gbà.

Ní àtijọ́, páìpù kan lásán ni ó ń da gáàsì náà síta lábẹ́ ọkọ̀. Ìkùukùu olóró tí ó bo ìlú Los Angeles ni ó mú kí wọ́n tún èrò pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Arie Jan Haagen-Smit, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Caltech, fi hàn pé ìtànṣán oòrùn ni ó ń sọ èéfín ọkọ̀ àti ti ilé ìfọpo di ìkùukùu náà. Láàárín ọdún 1961 sí 1963, àwọn ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ètò tí ó ń dá gáàsì ikùn ẹ́ńjìnnì padà sínú sílíńdà kí ó lè jó tán.

Fáàfù èémí ni olùṣọ́ ọ̀nà náà. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, ìfà afẹ́fẹ́ a máa lágbára, fáàfù a sì mú ọ̀nà kéré. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, ìfà a dínkù, sípíríǹgì inú fáàfù a sì fẹ ọ̀nà sí i, nítorí pé gáàsì ti pọ̀. Páìpù kejì ni ó ń mú afẹ́fẹ́ mímọ́ wọlé rọ́pò èyí tí ó jáde.

Àmì àìsàn

Oríṣi àìsàn méjì ni ó wà: kí ọ̀nà dí, tàbí kí ó ṣí jù. Bí ó bá dí, gáàsì yóò máa ti ọ́ìlì jáde níbi gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì àti síìlì kíráńkì. Ó lè ti gééjì ọ́ìlì sókè, a sì lè bá ọ́ìlì nínú ilé asẹ́ afẹ́fẹ́. Bí fáàfù bá há ní ṣíṣí, ó lè máa fa ọ́ìlì lọ sínú sílíńdà, èéfín aláwọ̀ búlúù a sì máa jáde. Bí páìpù rẹ̀ bá ya, ẹ́ńjìnnì a máa gbọ̀n, a lè gbọ́ ìró bíi ti fèrè, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì lè gbé kóòdù P0171 jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà lè fa kóòdù yìí. Nítorí náà, kò tó ẹ̀rí.

Àyẹ̀wò ní ẹsẹẹsẹ

Kí a tan ẹ́ńjìnnì, kí ó máa yí jẹ́jẹ́. Kí a rọra ṣí ẹnu tí a ń gbà rọ ọ́ìlì, kí a sì fi bébà fẹ́lẹ́ bò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá, bébà náà yóò lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í kúrò tagbáratagbára, gáàsì ti pọ̀ jù nínú ikùn. Síbẹ̀, bébà kò lè sọ fún wa bóyá ọ̀nà ni ó dí tàbí ríìngì ni ó ti jẹ.

Fáàfù fúnra rẹ̀ ni yóò là wá lóye. Nínú Toyota Corolla tí ó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, orí ìdérí ẹ́ńjìnnì ni ó wà. Kí a yọ ọ́ kúrò lára ìdérí, ṣùgbọ́n kí páìpù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kí a sì fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n lára pé ó ń fa ìka. Bí kò bá fà, kí a yọ páìpù kúrò lára fáàfù, kí a sì dí ẹnu páìpù wò: bí páìpù bá ń fà, fáàfù ni ó dí, bí òun náà kò bá fà, páìpù tàbí ihò tí ó wọnú ẹ́ńjìnnì ni kí a fọ̀. Àwọn kan a máa mi fáàfù létí. Bí ó bá ń dún, wọn a ní ó dára. Ìró yẹn fi hàn pé kò há pátápátá ni. Kò fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Bí fáàfù àti páìpù bá mọ́, tí bébà ṣì ń fò, ìgbà náà ni kí a wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tí ó lọ sílẹ̀ bá gòkè lẹ́yìn tí a da ọ́ìlì díẹ̀ sí i láti ihò púlọ́ọ̀gì, ríìngì ni ó ti jẹ. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà máa ń bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Ọ́ìlì tí ń jò ni làpálàpá inú ọ̀rọ̀ yìí. Èémí tí ó dí ni ẹ̀tẹ̀. Ọ̀nà èémí ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ni kí a pààrọ̀ síìlì. Ọ̀rọ̀ náà kò pin sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Ẹni tí ó ni ọkọ̀, tí kò mọ orúkọ irinṣẹ́ kankan, lè béèrè ní èdè abínibí rẹ̀ kí ó tó san owó pé: ṣé ẹ ti wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì yìí ń mí?