Àyẹ̀wò áàpù kí a tó gbé e sórí fóònù

Àyẹ̀wò áàpù ni wíwo ibi tí áàpù kan ti wá, àti àwọn ohun tí ó ń tọrọ àṣẹ láti rí lórí fóònù, kí ẹni tó ni fóònù náà tó gbà á láyè. Ní Nàìjíríà, àwọn áàpù tó ń yáni lówó ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìwúlò rẹ̀.

Irú áàpù bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ohun ìdógò. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ayáwó ni àwọn kan lára wọn sọ di ìdógò: bí ọjọ́ ìsanwó bá ti kọjá, wọn a fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí òbí, ọ̀gá àti ojúlùmọ̀ onígbèsè, àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa owó náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ya wọ àwọn ọ́fíìsì ayánilówó kan ní Ìkẹjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀ lọ́dún náà.

Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google kò gbà kí áàpù ẹ̀yáwó tó wà ní Play Store rí nọ́ńbà àwọn ènìyàn tàbí àwòrán inú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Play Store ni agbára òfin yìí mọ. Fáìlì APK tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò sí lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè tọrọ ohunkóhun.

Ẹni tó wà ní Òkè-Oyi, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò nílò láti rìnrìn àjò lọ sí Abùjá kí ó tó mọ ayánilówó tó forúkọ sílẹ̀. FCCPC gbé orúkọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ orúkọ áàpù ní Play Store wé e.

Ní ti àṣẹ, láti ìgbà Android 6.0 ti ọdún 2015 ni fóònù ti máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nígbà tí áàpù bá fẹ́ lo kámẹ́rà tàbí ka nọ́ńbà, ẹni náà sì lè kọ̀. Áàpù tọ́ọ̀ṣì kò ní ohun tí ó fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá ẹni ṣe. A lè gba àṣẹ padà nínú Settings, ṣùgbọ́n yíyọ áàpù kúrò kì í dá nọ́ńbà tó ti lọ padà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti dé bá lè fẹjọ́ sun àjọ NDPC, tí òfin ààbò dátà ọdún 2023 gbé kalẹ̀.