Nígbà tí lọ́yà bá gbowó tán, tó wá dákẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ní Felele, ní Lọ́kọ́ja, ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ àjàgbé ló sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ kan lójú títì, ọ̀pá méjì tó ń há sí abíyá ló fi ń rìn. Káàdì ìpè ló ń tà. Ó bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń dájọ kí wọ́n jẹ́ kóun tètè kó tòun, ó sì gbé owó náà fún lọ́yà, kó lè bá òun pe ẹni tó ni ọkọ̀ lẹ́jọ́. Lọ́yà kò já rìsíìtì fún un. Ẹ̀yìn káàdì pélébé tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ló kọ iye owó náà sí. Láti ọjọ́ yẹn, fóònù lọ́yà a máa dún títí á fi dákẹ́. Nígbà tó sú u, ó gbéra lọ sí ọ́fíìsì. Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá ní àyè èèyàn méjì lòun àti ọ̀pá rẹ̀ gbà, ó sì gba owó èèyàn méjì. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wà. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń kígbe "Ẹ kú iṣẹ́ o," títí akọ̀wé fi yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá, lọ́yà ti lọ sí kóòtù. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

N kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Àmọ́ ìlú tí ọ̀nà Àbújá, ọ̀nà Kábà, ọ̀nà Òkènè àti ọ̀nà Ajaokuta ti ń pàdé kò lè ṣàì ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Felele yìí kan náà ni ọkọ̀ agbépo ti gbiná lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, tó pa èèyàn tó lé ní 20, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Ẹni tó bá yè nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ kò pé mọ́, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí.

Ìdákẹ́ lọ́yà kì í dun gbogbo oníbàárà bákan náà. Ẹni tó ní mọ́tò á yà ní ọ́fíìsì nígbà tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Akàndá ẹ̀dá tí kò rí já jẹ á san owó ọkọ̀ ìlọ́po méjì, á ti ìsọ̀ pa lódindi ọjọ́, á sì gba "ẹ padà wá" relé. Adití kò tiẹ̀ lè pe lọ́yà lórí fóònù. Afọ́jú kò lè ka ìwé tí wọ́n ní kó tẹ̀ka sí. Ọjọ́ sì ń lọ. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló wa ọkọ̀ náà, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba yọ̀ǹda fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́. Lọ́yà tó bá fi oṣù mẹ́rin dákẹ́ ti pa ẹjọ́ náà.

Mi ò ní ju gbogbo ẹ̀bi sọ́rùn àwọn lọ́yà. Adájọ́ ló ń sún ẹjọ́ síwájú. Ní 2021, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹfà, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìdájọ́ ti kóòtù pa káàkiri Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kóòtù tí wọ́n tì kò ní kí lọ́yà má gbé fóònù.

Ìlànà ìwà tí wọ́n gbé jáde fún àwọn agbẹjọ́rò sọ ọ́ kedere pé kí lọ́yà máa jẹ́ kí oníbàárà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó sì ní àìbìkítà lórí iṣẹ́ oníbàárà lè di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n á torí ẹ̀ fìyà jẹ ẹ́. Bó bá kúrò nídìí ẹjọ́, ó gbọ́dọ̀ dá apá owó tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún padà. Ìgbìmọ̀ tó ń bá agbẹjọ́rò wí, LPDC, lè kìlọ̀ fún un, ó lè ní kó lọ rọ́kún nílé, ó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò, ó sì lè pàṣẹ pé kó dá owó àti ìwé oníbàárà padà. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, NBA, ní ẹ̀ka ní Lọ́kọ́ja; ẹ lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀sùn inú ìwé ni, nítorí náà káàdì pélébé yẹn kì í ṣe ohun à ń sọ nù. Òun, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, àti ọjọ́ tí ẹ pè tí kò gbé e, ẹ̀rí ni gbogbo wọn.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà rárá ńkọ́? Ní 1974, Chimezie Ikeazor àti Solomon Lar dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1976, ìjọba sọ iṣẹ́ náà di ti àjọ Legal Aid Council. Òfin 2011 tí àjọ náà ń lò báyìí ní kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ láti ọ̀dọ̀ ìjọba lọ wá gba ìrànlọ́wọ́. Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù náà. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà, àmọ́ ẹjọ́ ìjàǹbá àti ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà níbẹ̀. Èyí dùn mí: ẹni tó ń ta káàdì ní Felele lè ti kó owó àjọ fún lọ́yà kó tó gbọ́ pé irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ wà.

Ti àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ́yà yẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 1996, wọ́n pe ọkùnrin kan tí kò lè fẹsẹ̀ rìn, George Lane, sí kóòtù ní ìlú Benton, ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà. Òkè ni yàrá ìgbẹ́jọ́ wà, kò sì sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó rákò gun àtẹ̀gùn náà. Nígbà tí wọ́n tún pè é, ó ní òun ò rákò mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbé òun. Wọ́n mú un, wọ́n ní kò yọjú níwájú adájọ́. Ó pe ìjọba ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2004, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìjọba náà lẹ́jọ́.

Àwa náà ní òfin tiwa. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka dídẹ́yẹ sí akàndá ẹ̀dá léèwọ̀: ₦100,000 ni owó ìtanràn fún ẹnì kan, mílíọ̀nù kan náírà fún iléeṣẹ́. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe, ìyẹn sì ti pé ní oṣù Kìíní, ọdún 2024.

Nítorí náà, kí ọkùnrin Felele tó gbé owó àjọ kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè dúró nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó ní kí lọ́yà sọ̀ kalẹ̀ wá. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ àti iye rẹ̀ síwèé, kí wọ́n kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n já rìsíìtì, kí lọ́yà sì kọ ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yóò pè é sórí ìwé kan náà.