Ọkọ̀ Ojú Omi sí Ganvié: Kí Ni Iṣẹ́ Amọ̀nà?

Ní Ìwó, a ní omi Aiba, ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé òun ká omi? Ní orílẹ̀-èdè Benin, iṣẹ́ gidi ni. Láti èbúté Abomey-Calavi ni atukọ̀ ti ń gbé àlejò lọ sí Ganvié, ìlú tí àwọn Tofinu kọ́ sórí òpó nínú adágún Nokoué nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn akónilẹ́rú.

Adágún náà kò jìn, ọ̀pá gígùn ni wọ́n sábà fi ń ti ọkọ̀. Àwọn apẹja ti ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè kó síbẹ̀. Akaja ni wọ́n ń pè é. Àlejò tó bá dá tukọ̀ lè ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́ fún olóko ẹja. Ìdí nìyí tí amọ̀nà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ omi.

Ní àríwá Kánádà náà, amọ̀nà ló mọ ibi tí omi ti ń ya lu àpáta, tí wọn yóò ti gbé ọkọ̀ rù gba orí ilẹ̀.

Bí irú iṣẹ́ yìí yóò bá bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀ṣun, ká má fi ọkọ̀ rírà ṣáájú. Àwọn apẹja ni ká kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sì wà lọ́rùn àlejò kí ọkọ̀ tó ṣí.