504 àti Ìjàpá: Ohun tí iye agbára ẹ́ńjìnnì kò sọ fún wa

Oṣù Kẹta ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Nàìjíríà. Títí dòní, níbi tí àwọn àgbà tó wa mọ́tò láyé ijọ́un bá ti péjọ, ìjà kan náà ni wọ́n máa ń jà: nínú 504 ti Peugeot àti Ìjàpá (Beetle) ti Volkswagen, ta ni ọ̀gá?

Tó bá jẹ́ orí ìwé la ti fẹ́ dá ẹjọ́ yìí, kò le rárá. Ẹ mú Ìjàpá 1500 tí wọ́n ṣe ní Jámánì lọ́dún 1967, kí ẹ gbé e ti 504 ọdún 1972. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá jẹ́ 1493cc, agbára ẹṣin 44. Ti 504 jẹ́ 1971cc, agbára ẹṣin 93. Eré Ìjàpá kò ju kìlómítà 125 ní wákàtí kan lọ, 504 ń lọ sí bíi 160. Kí Ìjàpá tó ti ìdúró dé 100, ó ti lo ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. 504 á ti débẹ̀ ní bíi 13.

Àmọ́ ìgbà tí èrò bá wọlé la máa ń mọ mọ́tò. Ìjàpá wọn kìlógíráàmù 820, 504 wọn nǹkan bí 1200. Bí àgbàlagbà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 70 bá jókòó, 280 ti gorí ọkọ̀. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n Ìjàpá fúnra rẹ̀. Lára 504, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi máa ń mí gúlegúle lórí òkè. A ò tíì sọ ti ẹrù o: táǹkì epo àti táyà àfirọ́pò ti gba iwájú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni bí wọ́n ṣe ń tu ara wọn lára. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, kò ní rédíétọ̀, kò mu omi. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù yẹn àti dínámò pọ̀. Bó bá já, iná pupa bátìrì á tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, tó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń sè sílẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá wà ní pípé, ẹ lè tẹ Ìjàpá mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, torí kò ju ìyípo 4000 ní ìṣẹ́jú kan lọ tó fi ń lo gbogbo agbára rẹ̀. 504 ní láti kọjá 5000.

Omi ni 504 gbójú lé. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Bí rédíétọ̀ bá jò, gáásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn ló kọ́kọ́ ń jìyà. Síbẹ̀, mẹkáníìkì lè fa slíìfù inú sílíńdà tó ti jẹ yọ, kó ki tuntun bọ̀ ọ́, láìgbẹ́ búlọ́ọ̀kù.

Ní ti ojú ọ̀nà, n kò rí ohun tí a ń bá 504 dù. Ove Andersson fi í gba ìdíje eré mọ́tò Safari ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975. Lóòótọ́, Ìjàpá náà ti gbà á lọ́dún 1962, ẹni tó bá sì ń dá rìn, tó ń fowó ara rẹ̀ ra epo, lè fara mọ́ ọn. Èmi ò ní kó ìyàwó àtọmọ sínú rẹ̀ lọ ìrìn àjò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra Ìjàpá lónìí, kó gbé àga ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì wà, kó wò ó bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Ti 504, kó ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bó bá rí ọ́ìlì tó léfòó lórí omi, kó kó owó rẹ̀ sápò.